Ẹ Kà Dé Ẹ̀wá

Ọmọ náà ti lé lọ́dún méjì, síbẹ̀ oúnjẹ nìkan niṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ò tíì tibẹ̀ jáde rí.

Olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ife omi sókè.

"Màmá, ẹ má tíì fún un. Ẹ kà dé ẹ̀wá ná, bóyá á fẹnu ara rẹ̀ bèèrè."

Ìyá àgbà kà á. "Ení, èjì, ẹ̀wá!"

Ó já ife gbà, ó gbé e sọ́mọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Màmá!"

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́."

"Ẹnu la fẹ́ kó fi sọ ọ́, Màmá."

"Ọ̀dájú ni ẹ́! Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ nírú ìwà yìí?"

Olùkọ́ wolẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ní kíláàsì yín, kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì. Mo kà dé èje péré lọ́jọ́ ìdánwò kí n tó fún ọmọ lómi, ẹ fún mi ní òdo."

 Ìyá àgbà rọra fìdí lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Olùkọ́ gba ife, ó tún gbé e sókè. Wọ́n ń kà á sínú.

Èje kọjá.

Ẹ̀jọ. Omijé ń bọ́ lójú ìyá àgbà.

Ẹ̀sán.

"Omi," lọmọ wí.

Ìyá àgbà fa ọwọ́ yọ, ó nujú.

"Ṣó o rí i? Òdo yẹn tọ́ sí ẹ."