Ìdáhùn Mẹ́ta láti Tarawa

Kí Ten Tiaeki, òṣìṣẹ́ ìjọba, tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nikuaba rárá ni Nikuaba ti sú u. Ó dúró nínú ọkọ̀, ó wo àwọn ará erékùṣù tó ti tò sétí òkun dè é pẹ̀lú adé òdòdó, ó sì pòṣé. Àwo íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà, erékùṣù méjì ló sì ń dù ú. Àṣẹ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Tarawa, olú ìlú, ṣe kedere. Bí rédíò ìjọba tó wà ní Nikuaba bá ṣì ń bá Tarawa sọ̀rọ̀, Nikuaba ló ni àwo. Bó bá ti kú, wọn yóò ti ilé rẹ̀ pa, àwo yóò sì kọjá sí Onetabu.

Wọ́n wọ́n pọ́dà sí i lọ́rùn, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i láyà, wọ́n sì mú un jókòó nínú maneaba, gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí wọ́n ti máa ń bọ́ àlejò bí ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni Nei Teraaka ti wá kí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi tọ́jú rédíò. Kò wọ bàtà.

"Ìwọ lonírédíò?" Tiaeki bi í. Ìyá tó lè bí i lọ́mọ ló ń pè ní ìwọ.

"Èmi ni, ọ̀gá. Ilé rédíò nìyẹn. Ẹ dìde ká lọ wò ó."

Tiaeki wo ọ̀hún. Yàrá sìmẹ́ńtì kékeré kan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú, èéfín ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti sá ẹja sórí wáyà tó yẹ kó máa gba ohùn.

"Kí ni èéfín yẹn?"

"Ibẹ̀ náà ni mo ti ń dáná, ọ̀gá. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó lè wọlé o. Akàn pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan."

Tiaeki wo ṣòkòtò funfun tó wọ̀. "Èmi? Kí n wá kúnlẹ̀ fún ẹja gbígbẹ? Màá kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ìwọ mú un lọ, kó o mú èsì bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló dáa, ọ̀gá. Ẹ kàn sọ fún mi bí ọ̀gá yín ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n má lọ jíṣẹ́ fún ẹlòmíì."

Tiaeki sọ fún un. Ọ̀rọ̀ nípa ọ́fíìsì kì í sú u sọ.

Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn ìyá náà láti inú yàrá: "Tarawa! Tarawa! Nikuaba ló ń pè o!" Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣaaa.

"Ẹ̀rọ ayé àtijọ́," Tiaeki sọ fún Ten Kautu, olórí ìgbìmọ̀, tó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. "Gbọ́ bó ṣe ń dún bí ẹni ń dín ẹja."

"Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn, ọ̀gá," Kautu dáhùn.

Nei Teraaka jáde, ó ń nu ọwọ́. "Ọ̀gá yín ní ẹ kú iṣẹ́. Ó ní nínú gbogbo ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tójú ẹ̀ mú tó tiyín."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀," ni Tiaeki wí. Ní ọ̀sán, wọ́n gbé ẹja díndín wá fún un, ó gbóná fẹlifẹli. Ó jẹ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀wé sí.

"Ṣé ẹlẹ́nu pẹ̀lẹ́ ni wọ́n?" Nei Teraaka béèrè.

"Miire? Ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Tí ìyá ẹ̀ bá tún wà ńlé, mo gbé nìyẹn."

Yàrá tún ta ṣaaa, èsì sì dé. "Ìyàwó yín ní ìyá òun ti dé. Ó ní ẹní Nikuaba ló ń fẹ́, pé tẹ́ ẹ bá wálé lọ́wọ́ òfo, kẹ́ ẹ máa sùn sínú ọkọ̀."

Tiaeki rẹ́rìn-ín títí. "Ohùn ẹ̀ gan-an! Ó jọ pé ó dúró síbí!"

Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì bóyá kí òun já àwo náà sílẹ̀. Èsì ní ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, àti pé mínísítà ti ń béèrè orúkọ rẹ̀. Tiaeki ní kó tún èyí sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú fọ́ọ̀mù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé rédíò Nikuaba ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn kà pé: *Mo dúró ti ẹ̀rọ náà fúnra mi, mo sì fi ojú ara mi rí i.* Ó fọwọ́ sí i.

"Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran," ó sọ fún Kautu. "Ọjọ́ mẹ́ta péré, kò sóhun tí mi ò tíì rí nínú erékùṣù yín."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin tó ṣú, wọ́n ti ri àwo mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin Nikuaba sì ń wo ojú ọmọ wọn tó wà lókè òkun, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pariwo. Tiaeki bọ́ sínú ọkọ̀.

"Iṣẹ́ ẹ ti tán nìyẹn," ó sọ fún Nei Teraaka. "Àwo yìí ò nílò ẹni tó ń lọgun."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹní ìyàwó yín rèé." Wọ́n ti ká a, wọ́n sì ti fi okùn dì í pinpin. "Ẹ má tú u lójú omi o, kí iyọ̀ má bà á jẹ́."

"Ẹní ló wúwo tó báyìí?"

"Ẹní wa máa ń nípọn, ọ̀gá."

Nei Miire ló wá pàdé rẹ̀ ní èbúté Tarawa. "Odidi ọjọ́ mẹ́fà! O ò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sílé?"

"Má fi mí ṣeré. Ẹní tó o ní kí n mú wá rèé, ìwọ àti ìyá ẹ."

"Ẹní wo? Ìyá mi tí ò tíì kúrò lábúlé láti ọdún tó kọjá? Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹní?"

Tiaeki tú okùn náà. Ó fa ẹní lórí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó wà ní èbúté.

Rédíò Nikuaba ló wà nínú rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ikùn rẹ̀ dànù, akàn kan ń rọra jáde níbi tó yẹ kí ohùn ti máa jáde, ó ń rìn lórí ìwé mẹ́ta tí Tiaeki fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí òróró ẹja díndín ti rin gbingbin.