Ọṣẹ Inú Ọbẹ̀

Ìyá ọkọ tu ọbẹ̀ ẹnu rẹ̀ sínú tíṣù. "Ìyàwó, ṣé ọṣẹ lo fi se èyí ni?"

"Ewé kọriáńdà ni, mà. Ẹni tó bá dà bí ọṣẹ lẹ́nu ẹ̀, wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Àjogúnbá ni."

Ìyá pòṣé. Ọ̀rọ̀ àjogúnbá gan-an ló gbé e ti Awoyaya wá sí VGC: àánú ló ṣe é, ó fẹ́ sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀ pé Afusat kékeré kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Afusat bu tirẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú sórí tábìlì. "Mọ́mì, ọṣẹ!"

Ọkọ wo ọmọ, ó wo ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀.

Ìyá bá bu ọbẹ̀ kún ṣíbí, ó gbé e mì tòun ti omi lójú.

"Ọṣẹ bí ti báwo?" ló wí. "Ó mà dùn o! Ìyàwó, bù sí i."