Ìwé Ọkọ̀ Tí Ọ̀gá Yà

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Ìyá Onípẹ́ńsù fi ya àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun tí àwọn apẹja ní kí Ọ̀gá, ẹni tó ni ọgbà ìkànkọ̀, kàn fún àwọn. Bó ṣe ń yà á láti ayé bàbá Ọ̀gá náà ló ṣe yà á: ó tẹ́ bébà sórí tábìlì gígùn, ó tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọrun, ó fi òjé mẹ́fà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà ta padà, ó wá fi pẹ́ńsù tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ láti imú ọkọ̀ dé ìdí. Ìhà mẹ́rìnlélógún ló fi sínú rẹ̀, ìyẹn àwọn igi títẹ̀ tó ń di ara ọkọ̀ mú bí egungun ìhà èèyàn.

Ọ̀gá wo ìwé náà, ó ní kó yọ ìhà mẹ́fà kúrò.

"Igi tó wà nílẹ̀ yìí, ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi kàn."

"Ọkọ̀ kan ló tó."

"Màmá, ẹ bá mi dín in kù."

"Ìgbì omi ò ní bá ọ dín tiẹ̀ kù. Mi ò yà á."

Ọ̀gá fa ìwé náà ya sí mẹ́rin lójú gbogbo káfíńtà. Ó ní kí màmá lọ sinmi nílé, òun fúnra òun á ya òmíràn.

Ìyá Onípẹ́ńsù kó àwọn òjé rẹ̀ sínú àpò. "Ìwé lo fà ya," ó ní. "O ò tíì fa ọ̀rọ̀ mi ya."

Bàbá Aláyùn, olórí káfíńtà, ló gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ olórí kì í kan ìgbálẹ̀ nínú ọgbà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé Ọ̀gá ti wà lára ògiri, ìhà méjìdínlógún. Rúlà ló fi fa gbogbo rẹ̀. Eruku igi kì í bá Ọ̀gá lára mu, ó máa ń mú un wúkọ́, nítorí náà òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń wo iṣẹ́ láti ojú fèrèsé. Nígbàkigbà tó bá yọjú, á rí àwọn káfíńtà tí wọ́n dúró síwájú ìwé náà, tí wọ́n ń mi orí.

Ìyá Onípẹ́ńsù ò sinmi. Ó lọ bá olórí apẹja nílé.

"Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn lọ sí omi jíjìn. Ìjì kan ṣoṣo ló máa fọ́ ọ."

"Màmá, wọ́n ní wọ́n lé yín níbi iṣẹ́."

"Wọ́n lé mi. Ṣé ìyẹn ló máa sọ ìhà méjìdínlógún di mẹ́rìnlélógún?"

Ọkùnrin náà ní kó jókòó, kó mu omi. Ó ní òun ò mu.

Bàbá Aláyùn nìkan ló ń wá kí Ìyá Onípẹ́ńsù nílé, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n ìhà kọ̀ọ̀kan láti orí, pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tá. Nígbà míì Bàbá Aláyùn á ní kó tún ibì kan sọ, pé etí òun ti ń di. Lọ́jọ́ kan ìyá náà bi í léèrè ìdí tó fi tú ọkọ̀ tirẹ̀ tó wà létí omi palẹ̀.

"Ó ti darúgbó, Màmá. Igi rẹ̀ ló ṣì le."

Lóṣù kẹta, iṣẹ́ parí. Ọ̀gá fi aṣọ bo imú, ó sọ̀kalẹ̀ wá. Wọ́n ti fi pákó tẹ́ inú ọkọ̀ náà láti òkè délẹ̀, ìhà kankan ò hàn síta, wọ́n sì ti kùn ún. Ó fi ọwọ́ gbá a, ó dún gbọin. Inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tì í sómi, Ìyá Onípẹ́ńsù ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ó gbé àpótí sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà, ó jókòó.

"Ẹ tì í gba orí mi kọjá," ó ní.

Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Bàbá Aláyùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wọmi."

"Ìwọ náà?"

"Ẹ jẹ́ kó wọmi, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá náà dìde, ṣùgbọ́n kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gun àtẹ̀gùn wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sídìí òpó ìgbòkun.

"Bó bá máa rì, kó rì lójú èmi tí mo sọ ọ́. Ọ̀gá, wá jókòó tì mí. Ṣebí ìwé tìẹ ni."

Ọ̀gá rántí pé òun ní àlejò lókè.

Bàbá Aláyùn gbé ayùn sílẹ̀, ó gòkè lọ bá ìyá náà. Ẹnì kan tẹ̀lé e, ẹlòmíràn tún tẹ̀lé. Àwọn káfíńtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wọlé tán, wọ́n ní kí àwọn èrò etí omi ti ọkọ̀ sómi, kí àwọn apẹja tó wà nínú rẹ̀ sì ta ìgbòkun.

Ní gbangba omi, atẹ́gùn gbá ìgbòkun mú, ọkọ̀ fì. Ìgbì gun imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀keje. Ìyá Onípẹ́ńsù fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó, ó ń retí kó ké bí igi tó fẹ́ ṣẹ́. Kò ké. Nígbà tí oòrùn máa fi kan àtàrí, wọ́n ti padà dé.

Ọ̀gá ń dúró dè wọ́n létí omi, gbogbo èrò ló yí i ká. "Màmá, ta ló jàre báyìí?"

"Ọkọ̀ yìí dára," ìyá náà dáhùn. "Mi ò mọ ohun tó gbé e dúró. Ìwé tìẹ kọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kí wọ́n fi gíláàsì bo ìwé òun lára ògiri, ìwé náà ni wọ́n á máa tẹ̀ lé láti òní lọ. Àwọn káfíńtà ní ó ti yé àwọn.

Bàbá Aláyùn sin ìyá náà lọ sílé, nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ọkọ̀ tiyín la kàn, ìhà mẹ́rìnlélógún ló wà lábẹ́ pákó yẹn. Nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kò sẹ́ni tó fi ayùn kan igi tẹ̀ lé ìwé Ọ̀gá rí."