Ẹ̀jẹ̀ Akọni Ń Sọ̀rọ̀, Akọni Ò Gbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìdajì kí ẹ pa á tì. Ìparí ìtàn yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Akọni ni wọ́n ń pè é, torí pé jẹjẹrẹ ọmú ṣe é, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó gba oògùn títí irun orí rẹ̀ fi re tán, síbẹ̀ ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń pariwo "Bíréèkì! Tẹ bíréèkì!" kò ní gbà pé ó ṣàìsàn rí.

Dókítà ní kó máa wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè. Nígbà tó yá, dókítà sọ fún un pé, "Mà, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ sábà máa ń mú kó pọ̀. Tiyín ti ń gòkè. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò inú ara yín."

"Dókítà, bébà lẹ̀ ń kà, èmi ni mo ni ara. Ara mi le kokooko!" Ó dìde, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́. "Màámi, bí iná pupa bá tàn nínú mọ́tò, ṣé ẹ kì í dúró ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Mo ti lu àìsàn yẹn bí ẹni lu bàrà."

Ẹ̀rù ló ń bà á, ìgbéraga ló fi bò ó.

Kò tiẹ̀ mọ síbẹ̀. Aránṣọ kan wà tí wọ́n jọ gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ní wọ́ọ̀dù kan náà. Akọni sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi, fi àwọn dókítà sílẹ̀ jàre. Ta ní ń wá àìsàn kiri?" Aránṣọ náà ò lọ mọ́.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro Akọni. Ó ní ìjókòó mọ́tò ló fà á. Àfi lọ́jọ́ tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ẹni tó ń kọ́ ní mọ́tò ló wa mọ́tò náà gbé e dé ọsibítù.

Jẹjẹrẹ ti wọ egungun ẹ̀yìn.

"Dókítà, ká ní mo gbọ́ nígbà yẹn ńkọ́?"

"N ò lè búra, mà. Àmọ́ ọ̀nà tí à bá gbà ì bá pọ̀ ju èyí lọ."

Akọni sunkún. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n pe aránṣọ fún òun. "Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ojo ni mo ṣe. Dìde, lọ ṣe àyẹ̀wò."

Aránṣọ lọ. Ohun inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà ti gòkè, ṣùgbọ́n ibi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni wọ́n ti bá jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì tètè tọ́jú rẹ̀. Ó wà láàyè, ó ń ránṣọ. Òun ló rán aṣọ tí Akọni wọ̀ wọnú pósí.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ara tó le kọ́ ni ẹ̀rí pé àìsàn ti lọ. Bí dókítà bá ní kí ẹ padà wá, ẹ padà lọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ sì lọ tẹ̀rùtẹ̀rù. Kékeré la ti í ṣẹ́ ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.