Owú Ló Gbé Ẹṣin Yísà Dìde

Ẹṣin tí Yísà fi ń fa bọ́ọ̀sì èrò ga ju òpó iná lọ. Tó bá sín, páànù gbogbo Ìlọrin á ṣí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì omi, ó kọ̀ kò dìde, ẹ̀rọ tó máa ń yí i padà kí ara rẹ̀ má bàa dégbò sì ti kọṣẹ́. Ìbàdí tó fi lélẹ̀ ti ń pọ́n. Bí dókítà ìjọba bá bá egbò níbẹ̀, pípa ni wọ́n máa pa á.

Yísà ki ẹṣin rẹ̀ títí, kò mira.

"Bàbá Kúdí, oríkì yín ti sú u," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ẹ ki ẹṣin Jímọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!"

Yísà figbe ta: "Arẹwà ẹṣin Jímọ̀! Ìwọ nìkan lẹṣin!"

Ilẹ̀ mì tìtì. Owú ti gbé ẹṣin Yísà dìde.

Dókítà wọlé, ó fọwọ́ tẹ ìbàdí náà. "Awọ ò tíì bó. Ẹ lọ so ó mọ́ bọ́ọ̀sì, èrò ti ń pariwo."