Àpáta Tí Kò Tíì Tutù

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí Oyèdòkun, afọ́kúta, rọra fi òòlù kan àpáta, kó lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ le. Nǹkan kàn án padà láti inú.

“Bàbá Àṣámù, ṣé ẹ̀yin lẹ kàn án lódìkejì?”

“Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí. “Iná abẹ́ ilẹ̀ ló sè é. Ó pẹ́ kó tó tutù, ìdí nìyẹn tí hóró òkúta tó ń dán nínú rẹ̀ fi tóbi. Bí ó bá ṣì gbóná, fi í sílẹ̀.”

Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ṣùgbọ́n olóríkunkun ni Oyèdòkun. Ó fi ìbínú lù ú, ó tún lù ú, títí èérún òkúta fi la iwájú orí rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Àpáta là. Nínú iná pupa tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kan ti gbé òòlù tirẹ̀ sókè.