Ibùsùn Tí Wọn Ò Fún Colby

Láti ilé ìdáná rẹ̀ ní West Virginia, Verlene tún ń pe ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ìgbà kẹsàn-án rèé.

"Ẹ ò gbà láti sanwó ibùsùn nílé ìtọ́jú tó máa gba Colby ọmọ mi lọ́wọ́ oògùn olóró."

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Mà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa gbàtọ́jú láti ilé. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ padà wá."

"Nígbà tí òkúta wó lu ẹsẹ̀ ẹ̀ níbi ìwakùsà, ṣé ẹ ní kó kọ́kọ́ máa tiro ná?"

Verlene ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

"Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ sanwó. Oògùn ìrora ìgbà yẹn ló di bárakú. Òfin sì ní bí ẹ ṣe ń sanwó ìtọ́jú ẹsẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe máa sanwó ìtọ́jú bárakú."

"Mo gbọ́ yín, mà. Ṣé ó ti gbìyànjú ti ilé yẹn?"

"Ó gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Sátidé la sin ín."

Ohùn ọmọbìnrin náà wálẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí wá lẹ fẹ́ ká ṣe?"

"Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi kọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìjọba ní àwọn ò lè fi òfin yẹn mú yín láìsí ìwé náà. Ìyàwó Colby náà ń lo oògùn yẹn. Àárọ̀ yìí lẹ ní kó kọ́kọ́ máa gbàtọ́jú láti ilé."